Ajá Tó Ń Padà Wá Ló Ń Sọ Ṣọ́ọ̀bù Di Ńlá

Ẹni tó bá ń fọ ajá, tó ń gẹ irun ajá jẹun, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà gbòòrò, ohun tí gbogbo ayé máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó lọ wá oníbàárà tuntun: kó máa lẹ fọ́tò sórí WhatsApp, kó pín ìwé ìpolówó lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, kó já owó rẹ̀ wálẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí nídìí iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn, láti ìgbà tí mo ti ń gbé báàfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé onílé ní Bódìjà títí di ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù méjì, ó yàtọ̀ sí ìyẹn. Ajá tuntun kọ́ ló gbé mi débi tí mo wà. Ajá tó ti wá rí, tó tún padà wá, tó sì tètè padà wá, òun ló san owó ilé, òun ló ra ẹ̀rọ, òun ló ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ajá Lhasa Apso, ajá kékeré onírun gígùn tó pọ̀ nílé àwọn èèyàn wa, irun rẹ̀ kì í hù débì kan kó dúró. Ó ń hù lọ ṣáá ni, bí irun orí tiwa náà ṣe ń hù. Bí ẹ bá gẹ̀ ẹ́ lónìí, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ó ti tún bo ojú. Ká sọ pé ₦12,000 lẹ ń gbà. Bí olówó rẹ̀ bá ń gbé e wá nígbà Kérésì àti nígbà Àjíǹde nìkan, ₦24,000 lẹ máa rí lórí ajá yẹn lọ́dún. Bó bá ń wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, ó máa wá nígbà mẹ́jọ ó kéré tán, ìyẹn ₦96,000. Ajá kan náà ni, ilé kan náà ni, ẹ ò sì ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó. Iṣẹ́ ara rẹ̀ tún dín kù, torí irun tí kò tíì ta kókó kì í pẹ́ èèyàn lọ́wọ́. Ajá tó lo oṣù mẹ́fà láìfojú kan kóòmù lè gba gbogbo àárọ̀ lórí tábìlì. Ara á máa ta á, á fẹ́ géni jẹ, bíléèdì á gbóná, nígbẹ̀yìn ẹ ó fá a kanlẹ̀ ni. Olówó ajá ò ní dunnú, ẹ̀yin náà ò sì ní rí èrè kankan nínú owó yẹn.

Nítorí náà, kí ajá tó sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì mi, a ti kọ ọjọ́ tó máa padà sínú káàdì. N kì í béèrè pé ṣé wọ́n máa padà wá. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, “Mummy, ọ̀sẹ̀ kẹfà òní, ọjọ́ Sátidé, ni Bruno máa padà. Ṣé aago mẹ́sàn-án ló rọ̀ yín lọ́rùn ni, àbí mọ́kànlá?” Wọ́n á mú ọ̀kan. Bó bá ku ọjọ́ méjì, màá fi fọ́tò Bruno ránṣẹ́, èyí tí a yà lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wa kẹ́yìn, màá wá kọ ọjọ́ àti aago sábẹ́ rẹ̀. Olówó ajá á wo fọ́tò, á wo ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á rí ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀. N kì í ní láti bẹ̀ wọ́n.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, mo tún ní iṣẹ́ kékeré kan tó ń mú ajá wá: èékánná nìkan. Ọ̀pọ̀ ajá wa ló ń gbé inú àgò látàárọ̀ dalẹ́, wọn kì í rìn lórí ọ̀dà tàbí kọnkéré débi tí èékánná wọn á fi máa jẹ fúnra rẹ̀. Á gùn, á tẹ̀, á máa mú kí wọ́n tiro. Ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú èékánná ajá. Bí èékánná bá dúdú, ojú ò lè rí ibi tó parí sí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi máa ń ba àwọn olówó ajá láti gé e nílé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gé. Owó rẹ̀ kéré, mo sì fẹ́ kó kéré, torí ajá tó wá gé èékánná, màá wo etí rẹ̀, màá fọwọ́ kan abẹ́ apá rẹ̀, màá rí i bóyá irun ti ń ta kókó. Ajá náà á sì máa mọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù kì í ba ajá tó mọ̀ wá bó ṣe ń ba èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń yá.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé ńlá kan. Orúkọ ajá, ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn, nọ́ńbà bíléèdì tí a fi gẹ̀ ẹ́, ibi tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, àdúgbò tó ti wá. Ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la kì í fẹ́ ẹ̀rọ tó ń pariwo lẹ́bàá etí, a ti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá dúró ti tábìlì lọ́jọ́ náà á kà á kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí olówó ajá bá rí i pé a rántí, kò ní lọ sí ibòmíràn lọ tún àlàyé ṣe.

Ohun kejì tó yẹ kí n sọ, tí mi ò rí kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ, ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mú ajá wá gan-an. N'Íbàdàn níbí, Daddy ló ra ajá, Mummy ló ń sanwó, ṣùgbọ́n mègádì, awakọ̀ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló ń fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ara ẹni yìí ò bá yá mọ́ ọ̀dọ̀ yín, ajá ò ní padà wá. Á ní òjò ń rọ̀. Á ní ajá ń ṣàárẹ̀. Á ní òun pè, ẹ ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún wọn ní àga, mo ń fún wọn ní omi tútù, mo sì ń kí wọn bó ṣe yẹ kí a kí àgbà. Mo tún máa ń fi kóòmù irin hàn wọ́n, màá ní, “Bàbá, ẹ wo ibi tó ti ń há: ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá, ibi tí okùn ọrùn ń gbà. Bí ẹ bá yà á níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò ní dun ajá nígbà tó bá débí.” Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, mo ń fún un ní búrọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá kan wà ní Jẹ́ríkọ̀ tí kì í sún mọ́ ajá ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń so ó mọ́ òpó, á jókòó sọ́nà jíjìn. Òun ló ń pè mí báyìí kí ọjọ́ tó pé: “Àǹtí Alájá, irun ọmọ yín ti ń ta kókó o.” Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an. Ó ti mú ajá ilé mẹ́ta tó yí wọn ká wá, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó lè pa iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ kan bíi kí ajá kó àrùn ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni Parvo. Kòkòrò àrùn yẹn lè wà nínú ilẹ̀ àti lára sìmẹ́ǹtì fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán ò sì pa á. Ọmọ ajá tó bá kó o, ó lè má fi àmì kankan hàn fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó bá wá ń bì, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó ti fi ìyókù sílẹ̀ níbi gbogbo tó ti dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òfin kan tí n kì í yí padà: kò sí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí fífọ. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì pé, kó dúró sílé. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọn á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Bí a bá parí ajá kan, a máa ń kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ báàfù, tábìlì àti ilẹ̀ kí ìdọ̀tí kúrò, nítorí ìdọ̀tí ń ba agbára Jik jẹ́. Lẹ́yìn náà la ó da Jik sómi, ìwọ̀n 1 sí ìwọ̀n omi 30, a ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká tó fi omi ṣàn án dáadáa. Aṣọ ìnura ajá kan kì í kan ajá míràn.

Àwọn kan bínú sí òfin káàdì yìí. Alhaji kan gbé ajá rẹ̀ Boerboel padà láti ẹnu ọ̀nà, ó ní owó òun ni mo lé lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló padà gbé ajá náà wá, pẹ̀lú káàdì, nígbà tó gbọ́ ohun tí Parvo ṣe fún ajá ará ilé kejì wọn. Mo mọ̀ pé òfin yẹn ń lé owó díẹ̀ lọ lóṣù kan, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí àwọn dókítà ẹran máa darí ajá sọ́dọ̀ mi. Dókítà ò ní rán ajá tó ń tọ́jú lọ sí ibi tí wọ́n á ti lọ kó àrùn fún un. Èmi náà kì í kọjá àyè mi. N kì í gún ajá lábẹ́rẹ́, n kì í fún ajá lóògùn oorun kó lè dúró jẹ́ẹ́, bí olówó rẹ̀ bá tilẹ̀ bẹ̀ mí. Iṣẹ́ dókítà ẹran nìyẹn, òfin ló sì fi í sọ́wọ́ wọn. Bí mo bá rí kókó tó wú lára ajá, tàbí etí tó ń rùn, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá ní kí wọ́n lọ bá dókítà wọn. Bí wọn ò bá ní dókítà kankan, mo máa ń tọ́ka wọn sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé mò ń lé iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ yẹn ń padà wá ni, ó sì máa ń mú ẹnì kejì dání.

Nígbà òjò, eégbọn ló máa ń pọ̀ jù. Ohun tí mo kíyè sí ni pé bí a bá yọ ọ́ lára ajá, tí a fọ̀ ọ́, tí a fi oògùn tí dókítà kọ sí i, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ajá á tún kún fún eégbọn. Wọ́n á ní iṣẹ́ wa ò dára. Eégbọn pupa tó ń da ajá láàmú kì í gbé lára ajá nìkan. Ó máa ń bọ́ sílẹ̀, á wọ inú ihò ara ògiri àti igun àgò, abo kan á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Ajá tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, àárín wọn náà ló padà lọ sùn. Láti ibẹ̀ ni mo ti fi iṣẹ́ tuntun kún un: a máa ń lọ fọ ilé ajá. À ń gbọ̀n ọ́n, à ń há ògiri rẹ̀, à ń dí ihò rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, a ń da oògùn sí i lọ́jọ́ kan náà tí ajá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kó má bàa padà bá a ní tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a ó tún un ṣe, nítorí àwọn ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ní àkókò òjò, owó tí iṣẹ́ yìí ń mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti fífọ ajá fúnra rẹ̀, ajá tó wá nítorí eégbọn sì máa ń di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà.

Mo fẹ́ bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí: ẹ má fi ọ̀tapíapía wẹ ajá. Ẹ má da Sniper sínú omi ìwẹ̀ ajá. Dichlorvos tó wà nínú rẹ̀ máa ń gba ara wọlé, ajá á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, kó tó ṣubú. Ohun tí NAFDAC tìtorí èèyàn fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019 kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa dà sára ẹran tó máa fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú: ó ń pa ológbò. Ilé tí ajá àti ológbò bá jọ wà, mo máa ń béèrè kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà ò jìnnà síyẹn. Ara ajá kò rí bíi tiwa. Ọṣẹ dúdú le jù fún un, Dettol náà sì le. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ajá là ń lò, mo sì ń tà á fún àwọn tó bá fẹ́ máa fọ̀ ọ́ nílé láàárín.

Owó ńkọ́? Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 di nǹkan bí ₦500 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù Keje ó ti ń lọ sí ₦600. Náírà náà já wálẹ̀ lọ́dún yẹn, ọṣẹ àti bíléèdì tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ní oṣù Kẹrin 2024, iná mànàmáná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù lóòjọ́, tún lọ láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníbàárà sì sá. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ iná. Ẹ̀rọ tí a fi ń gẹ irun kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń lo bátìrì. Bùlówà tí a fi ń gbẹ irun ló ń jẹ ẹ́. Mo wá ra aṣọ ìnura tó ń fa omi gan-an, mo ní kí a fún omi kúrò lára ajá dáadáa ká tó tan bùlówà, àkókò tí à ń lò ó sì dín kù gidigidi. Àwọn ajá onírun kíkí, bíi Caucasian àti Eskimo, mo ń fi wọ́n sí wákàtí tí iná ìjọba máa ń wà ládùúgbò wa. Ajá onírun kúkurú, bíi Rottweiler, Boerboel àti ajá ìbílẹ̀ wa, ìnvátà àti oòrùn tó fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá tún iye owó ṣètò. Tẹ́lẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń gbà ni owó ajá ńlá àti owó ajá kékeré. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Boerboel tóbi, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tán; Lhasa tí irun rẹ̀ ti ta kókó kéré, síbẹ̀ ó lè gba wákàtí mẹ́ta. Àkókò orí tábìlì là ń tà. Mo gbé iye owó kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irun ṣe rí àti bí àkókò ṣe pẹ́ tó, mo sì fi ẹ̀dínwó sílẹ̀ fún ajá tó bá padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí kó tó pé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó di oṣù mẹ́rin á san owó irun tó ta kókó. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí fóònù, mo ṣàlàyé epo, mo ṣàlàyé ọṣẹ, mo dárúkọ ọjọ́ tí iye tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá déédéé kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú owó tó ń san. Àwọn tó sì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan lọ, àwọn tó kù di ẹni tó ń wá déédéé.

Lórí Caucasian, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má gbàgbé. Nígbà ooru, àwọn olówó wọn máa ń ní kí n fá a kanlẹ̀ kí ara lè tù ú. N kì í ṣe é. Irun òde ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, bí wọ́n bá sì fá a, ó lè má hù bó ṣe yẹ mọ́. Irun abẹ́ tó ti kú ló ń mú un lóoru. À ń fi bùlówà fẹ́ ìyẹn jáde, à ń fi búrọ́ọ̀ṣì yà á kúrò, ẹ ó rí irun tó kún àpò. Ajá á mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í sọ̀rọ̀ fífá mọ́.

Ohun tó gbé iye ajá tó ń padà wá sókè jù lọ ni mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ajá tí wọn ò rí bí wọ́n ṣe máa gbé e wá. Awakọ̀ Micra, takisí ìlú wa, kì í fẹ́ gbé ajá, mi ò sì bá wọn wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù irun orí ìjókòó. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, tàbí tí ọ̀gá bá ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ajá rẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ mi láti Olúyọ̀lé tàbí Alálùbọ́sà. Mo ra kọ́ròpẹ́ àlòkù, mo yọ ìjókòó ẹ̀yìn, mo ní kí wẹ́dà de àgò méjì mọ́lẹ̀ kó má lè yí. A pín ìlú sí ọjọ́: ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún Jẹ́ríkọ̀ àti Alálùbọ́sà, ọjọ́rú fún Olúyọ̀lé àti Ring Road, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń sá láti Àkóbọ̀ lọ sí Ring Road nítorí ajá kan, epo á jẹ èrè tán. Ẹni tí ọjọ́ àdúgbò rẹ̀ bá ti kọjá á dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí kó gbé e wá fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọ inú mọ́tò yẹn dáadáa, torí fífi ahọ́n síta mí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára; mọ́tò tó dúró nínú oòrùn lè pa á láìpẹ́. Awakọ̀ mi kì í fi ajá sílẹ̀ nínú mọ́tò, ìbáà ṣe láti ra búrẹ́dì.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ, mo gba àwọn ọ̀dọ́ méjì. Mi ò wá ẹni tó fẹ́ràn ajá, torí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ẹni tó ní sùúrù, tí kì í pariwo. Wọ́n fi oṣù kan fọ ajá nìkan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo san owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún àwọn fúnra wọn, abẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ kan síra. Bí ajá bá sì gé ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe ajá tó ní káàdì, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la ó fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ó di ilé ìwòsàn. Yàtọ̀ sí owó oṣù wọn, mo ń fún wọn ní owó díẹ̀ lórí ajá kọ̀ọ̀kan tó bá padà wá ní ọjọ́ tó wà nínú káàdì. N kì í fún wọn ní owó lórí iye ajá tí wọ́n fọ̀ lóòjọ́, torí ìyẹn á mú kí wọ́n máa kánjú, ìkánjú ló sì ń gé etí ajá.

Wọ́n ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa ta ọmọ ajá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló bọ́ síbẹ̀, torí owó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò ṣe é, mi ò sì ní ṣe é. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì pé ò lè bá ajá tó ń ti ìta wá gbé abẹ́ òrùlé kan. Bí ọmọ ajá tí mo tà bá sì kú lọ́dọ̀ ẹni tó rà á, mo ti pàdánù ilé yẹn pátápátá.

Ohun tí mo gbà láti ṣe ni bíbá àwọn èèyàn tọ́jú ajá nígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò. Àwọn oníbàárà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: “Àǹtí, a ń lọ sí Èkìtì fún ìsìnkú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa mú Snow dání.” Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la fi bẹ̀rẹ̀. Ajá tí mo ti mọ̀ nínú ìwé mi nìkan ni mo ń gbà, kó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, kó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá látilé kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́, kó sì san ìdajì owó sílẹ̀. Ní báyìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó lọ sí òkè òkun, mo fi nǹkan kan kún un: ẹni kejì tó wà nílùú gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé òun á wá gbé ajá bí ẹni tó ni í ò bá padà lọ́jọ́ tó dá. Ìwé yẹn ti gbà mí lẹ́ẹ̀kan. Ajá kì í kúrò ní yàrá ẹ̀yìn láìwẹ̀, nítorí náà fífọ rẹ̀ ti wà nínú owó rẹ̀, ọjọ́ ìpadà rẹ̀ sì ti wà nínú káàdì. Ti oṣù Kejìlá, láti oṣù Kẹwàá la ti ń kọ orúkọ, bí àyè bá sì kún, ó kún. Mi ò lè ki ajá méjì sínú àyè ajá kan nítorí pé ọdún dé.

Ṣọ́ọ̀bù kejì, inú ìwé ńlá yẹn náà ló ti jáde. Nígbà tí mo ka àdúgbò àwọn tó ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, mo rí i pé àwọn tó ń ti Àkóbọ̀ wá ti pọ̀ débi pé mọ́tò mi ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gba ilé sí, ilé tí kò fara kan ògiri ẹlòmíràn, tó ní kànga, tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ sínú sókàwéè kì í ṣe ojú títì. Mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará àdúgbò kí n tó sanwó, mo sọ fún wọn pé ajá máa ń gbó. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ló ń darí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ibẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ìwé àdéhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà. Àwọn ajá Àkóbọ̀ tó wà nínú ìwé mi ló fi bẹ̀rẹ̀, kò jókòó retí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé la máa ń tì í, torí ọjọ́ Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè ni àwọn onílé máa ń ráyè gbé ajá wọn wá.